Síkáànì, AFP, CT àbí MRI: Èwo ni kí ẹni tó wà nínú ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ yàn ní Ifẹ̀ àti Iléṣà?

Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé hẹpatáítísì B, kòkòrò àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jà, wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tàbí pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń le, kì í pẹ́ tí ìmọ̀ràn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ̀ ọ́ láti ibi gbogbo. Ọ̀kan á ní kó lọ ṣe síkáànì, èyí tí wọ́n ń fi ẹnu ẹ̀rọ wo inú ikùn láti òde. Òmíràn á ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AFP ti tó. Ẹni tó ní ọmọ nílùú òyìnbó á ní MRI, ẹ̀rọ ńlá tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, ló dáa jù, kí wọ́n wá owó rẹ̀ kiri. Àwọn kan á sì ní kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé wàhálà tí èèyàn ò bá wá kiri kì í wá èèyàn. Mo kọ èyí fún ẹni tó wà ní Ifẹ̀, Mọdákẹ́kẹ́, Iléṣà àti agbègbè wọn, tó ní láti yan ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà yìí, tí kò sì fẹ́ kí owó òun ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa rárá. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018, tí wọ́n ń pè ní NAIIS, fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, bí mẹ́jọ ló ní hẹpatáítísì B lára. Ní Ifẹ̀ níbí, àwọn dókítà ti tẹ ìwádìí jáde láti 2001 lórí aláìsàn 154 tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára hẹpatáítísì B wọ ètò àjẹsára àwọn ọmọdé ní Nàìjíríà. Èyí já sí pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Láàgere, ní Ìrémọ, ní Ìsọ̀kùn àti Òkèsà, wọn ò gbà á nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ohun tí wọ́n kó lára ìyá wọn tàbí lára àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń ṣeré lè wà nínú wọn fún ọgbọ̀n ọdún láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀.

Ẹ̀dọ̀ kì í tètè sọ ohun tó ń ṣe é. Kókó lè tóbi tó ọsàn nínú rẹ̀, kí ẹni tó ni ín ṣì máa lọ sóko, kó ṣì máa nájà. Nígbà tí ìrora bá fi máa bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìhà ọ̀tún, tí ara ń gbẹ, tí ikùn ń kún fún omi, tí ẹyin ojú di àwọ̀ ìyeyè, iṣẹ́ abẹ kì í sábà ṣeé ṣe mọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2017 kó àwọn aláìsàn jọ láti Íjíbítì àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Yàtọ̀ sí Íjíbítì, ìdajì àwọn aláìsàn náà ni kò lò ju oṣù méjì àbọ̀ lọ lẹ́yìn tí wọ́n mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ní Íjíbítì, tí wọ́n ti ń tètè rí i tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀, ó tó bí oṣù mọ́kànlá. Àwọn aláìsàn tiwa tún kéré lọ́jọ́ orí: bí ẹni ọdún 46 ni, nígbà tí ti Íjíbítì jẹ́ 58. Ẹni ọdún 46 ṣì ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ. Òun ni òpó ilé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára.

Kí ló dé tí àwọn dókítà fúnra wọn ń jiyàn?

Ẹnikẹ́ni á rò pé kò yẹ kí àríyànjiyàn wà níbẹ̀. Ó wà, ó sì tọ́ kí aláìsàn mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù fún àwọn tó fara mọ́ àyẹ̀wò wá láti Shanghai, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà. Wọ́n kó èèyàn 18,816 jọ, àwọn tó ní hẹpatáítísì B tàbí tí àrùn ẹ̀dọ̀ ti ṣe rí, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń ṣe síkáànì àti AFP ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, wọn ò pe apá kejì fún nǹkan kan. Nígbà tí èsì jáde ní 2004, ikú tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ń fà ti fi ìpín 37 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn tí wọ́n ń yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú àyẹ̀wò ọgọ́rùn-ún tí wọ́n pè wọ́n fún, wọn ò jẹ́ ju bí 58 lọ.

Àwọn tó ń ta kò ó ní ọ̀nà tí wọ́n gbà pín àwọn èèyàn náà àti bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ kò dán mọ́rán tó. Wọ́n tún tọ́ka sí ìlú Qidong, ní Ṣáínà kan náà, níbi tí wọ́n ti ń fi AFP nìkan ṣọ́ àwọn ọkùnrin tó ní hẹpatáítísì B. Wọ́n ń tètè rí jẹjẹrẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye àwọn tó kú kò dín kù. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2018 wo àwọn ológun àtijọ́ tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le, kò sì rí ìyàtọ̀ láàárín bí àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ pa ṣe ṣe àyẹ̀wò sí àti bí àwọn tí kò pa ṣe ṣe é. Kò sì tíì sí ìwádìí kankan tí wọ́n fi kèké pín àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le sí olùṣàyẹ̀wò àti aláìṣàyẹ̀wò tí wọ́n parí. Wọ́n dán an wò ní Ọsirélíà, àmọ́ nígbà tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ tán fún àwọn aláìsàn, púpọ̀ jù nínú wọn kò gbà kí kèké mú wọn sí apá tí wọn ò ní yẹ̀ wò.

Àyẹ̀wò náà sì lè fara ni èèyàn. Nínú aláìsàn 680 kan ní Amẹ́ríkà tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le, bí 28 nínú ọgọ́rùn-ún ló bá ìpalára kan tàbí òmíràn pàdé láàárín ọdún mẹ́ta nítorí ohun tí àyẹ̀wò ní òun rí: CT (àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ ńlá ń fi ìtànṣán yà) tí kò pọn dandan, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gé ẹ̀dọ̀ wò. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò le púpọ̀, ṣùgbọ́n owó ló ná wọn, oorun ló sì gbà lójú wọn.

Níbi tí èmi dúró sí: kí ẹni tó wà nínú ewu tòótọ́ máa ṣọ́ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ohun tí Qidong kọ́ mi ni pé rírí nìkan kò tó. Àyẹ̀wò tí kò sí ìtọ́jú lẹ́yìn rẹ̀ kì í gba ẹnikẹ́ni là. Ojú yìí ni mo fi wo gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Kì í ṣe gbogbo ayé. Àwọn tó kàn ni àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti di àpá tó sì ti le gbagidi, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní sìrósìsì, yálà ọtí ló fà á, tàbí hẹpatáítísì B tàbí C, tàbí ọ̀rá tó kún inú ẹ̀dọ̀. Ó tún kan ẹni tó ní hẹpatáítísì B tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì le. Ọ̀pọ̀ ni kì í mọ èyí: hẹpatáítísì B lè mú jẹjẹrẹ wá sínú ẹ̀dọ̀ tí kò ní àpá kankan. Ìlànà àwọn dókítà ẹ̀dọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, AASLD, ní kí ọkùnrin tó wá láti ibi tí kòkòrò yìí ti wọ́pọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ogójì ọdún, kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní àádọ́ta, kí ọmọ Áfíríkà sì ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, láàárín ogún sí ogójì ọdún. Ẹni tó ní hẹpatáítísì B tí bàbá, ìyá tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá sì ti ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ rí kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ orí kankan.

Ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu náà ń dá kún ewu yìí, torí májèlé tí ń jẹ́ aflatoxin tó wà nínú ohun tó ti bu. Fífọ̀ ọ́ tàbí yíyan án kò lè yọ ọ́ kúrò pátápátá. Kí ẹ kó irú ẹ̀pà bẹ́ẹ̀ dànù ló dáa, bó ti wù kó dun ni tó.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Mo béèrè nǹkan mẹ́rin nípa ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó lè rí kókó náà nígbà tó ṣì kéré, nígbà tí wọ́n ṣì lè gé e tàbí jó o? Ṣé ẹni tí kì í ṣe olówó lè máa ṣe é ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà fún ọdún mẹ́wàá láìdánu dúró? Ṣé ẹ̀rọ náà àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò wà nítòsí? Báwo ló ṣe máa ń dẹ́rù bani lásán tó?

Ìbéèrè kejì ni mo fún ní ìwọ̀n tó pọ̀ jù. Àyẹ̀wò tó dáa jù láyé tí èèyàn ṣe lẹ́ẹ̀kan tí kò padà ṣe mọ́ kò tó èyí tó mọ níwọ̀n tó ń ṣe déédéé. Nípa oṣù mẹ́fà náà, kì í ṣe pé wọ́n kàn mú un láti inú afẹ́fẹ́. Kókó jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sábà máa ń gba bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó di ìlọ́po méjì ara rẹ̀. Ní Faransé, wọ́n dán oṣù mẹ́ta-mẹ́ta wò lára aláìsàn 1,278 tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le. Wọ́n rí àwọn kókó bíńtín-bíńtín púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀mí àwọn aláìsàn kò tìtorí ìyẹn gùn sí i. Ẹni tó bá ní kí ẹ máa wá ní oṣooṣù, owó ló ń gbà lọ́wọ́ yín.

Kí a dúró títí àmì á fi yọ

Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn wà láìmọ̀ pé wọ́n ti yàn án. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀ lónìí. Iye tó ń ná wọn lẹ́yìn náà ni mo ti sọ lókè: oṣù méjì àbọ̀. Fún ẹni tó wà nínú ewu, tí ara rẹ̀ ṣì lè gba iṣẹ́ abẹ, n kò lè gbà á nímọ̀ràn rárá. Àwọn kan wà tó yẹ fún, mo máa dárúkọ wọn nísàlẹ̀.

AFP nìkan

AFP jẹ́ èròjà kan tí ẹ̀dọ̀ ọmọ inú oyún máa ń ṣe, tí kì í sábà pọ̀ lára àgbàlagbà, àmọ́ tí ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ máa ń mú pọ̀ sí i. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó parí. Kò béèrè kí ẹ má jẹun, kò béèrè ọwọ́ tó mọṣẹ́ gan-an, ẹ̀jẹ̀ yín sì lè lọ sí ilé àyẹ̀wò ńlá kí ẹ̀yin wà nílé. Ní ti owó, òun ló sábà máa ń fúyẹ́ jù.

Àléébù rẹ̀ pọ̀. Nínú jẹjẹrẹ mẹ́wàá, bí mẹ́fà péré ló máa ń mú AFP kọjá 20, ìyẹn ààlà tí wọ́n sábà ń lò, àwọn tó ṣì kéré sì ni ó máa ń fojú fò jù. Ó tún máa ń ga fún ohun tí kì í ṣe jẹjẹrẹ: nígbà tí hẹpatáítísì bá ru sókè, àti nígbà oyún. Aboyún tó bá ní hẹpatáítísì B, tí ẹnì kan ṣe AFP fún, tó sì gbọ́ pé ó ti ga, á sunkún dé ilé láìnídìí.

Fún ìdí yìí, AFP nìkan jẹ́ ohun tí èèyàn ń lò nígbà tí kò sí síkáànì tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé nítòsí. Kì í ṣe ètò tí èèyàn á fi gbára lé títí ayé.

Síkáànì nìkan

Síkáànì ikùn kò ní ìtànṣán tó ń pani lára, kò dunni, kò wọ́n bíi CT, ó sì wà káàkiri. Kò sí ìdí tí ará Iléṣà fi ní láti lọ sí Ìbàdàn nítorí síkáànì. Ilé ìwòsàn Wesley Guild tó wà ní Iléṣà, abẹ́ OAUTHC, ìyẹn ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kan náà pẹ̀lú ilé ìwòsàn Ifẹ̀ ló wà.

Ọ̀rọ̀ síkáànì sinmi lé ọwọ́ tó ń ṣe é ju ẹ̀rọ náà lọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe yẹ kó rí. Bàbá kan dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fi ohun tútù yọ̀rọ̀ náà pa á níkùn. Ọmọbìnrin tó ń ṣe síkáànì ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé apá ọ̀tún yín sókè orí. Ẹ mí sínú dáadáa. Ẹ má tíì mí síta.” Ó ki ẹnu ẹ̀rọ náà bọ abẹ́ ìhà, ó ń dà á sókè díẹ̀díẹ̀, torí òkè ẹ̀dọ̀ lọ́hùn-ún fara pamọ́ sábẹ́ egungun ìhà. “Ẹ máa mí, sà.” Ó ní kí bàbá fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dúró, ó wo ojú ẹ̀rọ. “Bàbá, ṣé ẹ ò fi nǹkan kan sẹ́nu láàárọ̀?” “Ẹ̀kọ díẹ̀ ni mo mu, ọmọ mi, kí n lè rìn débí.” “Ẹ̀kọ náà, oúnjẹ ni, sà. Atẹ́gùn ti bò ó, n kò rí apá òsì ẹ̀dọ̀ yín dáadáa. Ẹ ṣàánú mi, ẹ padà wá lọ́la láìjẹun.” Bí ẹ bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ di í mú. Ẹni tó lè sọ pé òun kò rí i dáadáa ni ẹ lè gbà gbọ́ nígbà tó bá sọ pé òun rí i.

Mo ti rí èyí tó yàtọ̀ sí i. Èsì ìlà méjì péré, “ẹ̀dọ̀ wà bó ṣe yẹ”, láti ibi tí wọn ò ti béèrè ìdí tí aláìsàn fi wá, tí ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, àpò ìtọ̀ àti gbogbo ìyókù kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Irú èsì bẹ́ẹ̀ kò fi ọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀. Ẹ rí i pé ìwé tí dókítà kọ ránṣẹ́ sọ ọ́ kedere pé hẹpatáítísì B tàbí sìrósìsì wà lára ẹni náà, àti pé kókó ni kí wọ́n wá. Nínú èsì, ẹ wá bí ẹ̀dọ̀ ṣe tóbi tó, bí ara rẹ̀ ṣe rí, bóyá ó dán tàbí ó ṣe gbágungbàgun, bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wọ inú rẹ̀ ṣe wà, bóyá omi wà níkùn, àti bí ọlọ inú ṣe tóbi tó. Àwọn tó mọṣẹ́ dáadáa tún máa ń kọ A, B tàbí C láti sọ bí àwọn ṣe rí ẹ̀dọ̀ náà sí. C túmọ̀ sí pé wọn ò rí apá tó pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà “kò sí kókó” tí wọ́n kọ sábẹ́ C kò tíì jẹ́ ìdáhùn.

Ní ti ìṣirò, ní 2018 wọ́n kó ìwádìí 32 pọ̀ lórí àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le. Nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ tó ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀, síkáànì nìkan rí bí 45. Ó kéré. Èmi náà fẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Síkáànì pẹ̀lú AFP

Nínú àkójọ kan náà, nígbà tí wọ́n fi AFP kún síkáànì, ohun tí wọ́n rí ní ìbẹ̀rẹ̀ gòkè láti 45 dé 63 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá ka gbogbo jẹjẹrẹ pọ̀, kékeré àti ńlá, àwọn méjèèjì jọ rí bí 97. Ohun tí èèyàn san fún ìyẹn ni pé ìdágìrì asán pọ̀ sí i díẹ̀: nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí kò ní jẹjẹrẹ, síkáànì nìkan dẹ́rù ba mẹ́jọ, àwọn méjèèjì pọ̀ dẹ́rù ba bí mẹ́rìndínlógún.

Fún àdúgbò tiwa, mo gbà pé ohun tí wọ́n jọ ń rí tó iye owó tí ẹ̀jẹ̀ fífà náà fi kún un. Níbi tí ọwọ́ tó mọ síkáànì kò ti dá a lójú, AFP máa ń gbé èyí tí síkáànì sọ nù. Kí ẹ máa tọ́jú èsì AFP jọ sínú fáìlì kan, torí bó ṣe ń gòkè ṣe pàtàkì ju iye tó jẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo lọ. Ẹni tó wà ní 4, tó lọ sí 9, tó tún lọ sí 17 kò tíì dé 20, síbẹ̀ ó yẹ kí dókítà rẹ̀ fiyè sí i ju ẹni tó ti wà ní 22 fún ọdún mẹ́ta láìyí padà lọ.

Bí síkáànì bá rí kókó tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan, wọ́n á tún un ṣe lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta. Bó bá tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí AFP kọjá 20 tàbí tó ń gòkè, ibẹ̀ ni CT tàbí MRI ti wọ ọ̀rọ̀.

CT

Kókó jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti inú iṣan àlọ, nígbà tí ẹ̀dọ̀ tó kù ń gba púpọ̀ jù nínú tirẹ̀ láti inú iṣan tó ń bọ̀ láti ìfun. Nítorí náà, tí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ aró sínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì ya àwòrán léraléra, kókó náà á kọ́kọ́ tàn yanran, lẹ́yìn náà á ṣókùnkùn ju ara ẹ̀dọ̀ lọ. Lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le, bí èyí bá hàn kedere lára kókó tó tó sẹ̀ǹtímítà kan, àwọn dókítà lè mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni láìfi abẹ́rẹ́ gé e wò. CT lásán, tí kò ní aró, tàbí èyí tí wọ́n yà lẹ́ẹ̀kan péré, kò lè fi ìyẹn hàn. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ṣùgbọ́n láti máa fi CT ṣọ́ ẹ̀dọ̀ ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà kò dáa. Ìtànṣán rẹ̀ ń kóra jọ, aró náà sì lè pa kíndìnrín tó ti ń ṣàárẹ̀ lára. Owó rẹ̀ sì jù ti síkáànì lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. CT wà fún ìgbà tí nǹkan kan bá ti fara hàn.

MRI

Ní ti kí a rí i, òun ló lé wájú. Ní Kòríà, wọ́n ṣe MRI àti síkáànì fún ẹni 407 tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le tí ewu wọn sì pọ̀. Nínú àwọn 43 tí jẹjẹrẹ wá yọ lára wọn, MRI rí 37, síkáànì rí 12. Kò ní ìtànṣán.

Kò sí ohun tí mo lè bù kù nínú ìyẹn. Ìṣòro rẹ̀ nílé wa ni owó àti ìrìn: ẹ̀rọ tí kò tó nǹkan, owó tó lè jẹ owó oṣù ẹni tán, àti ẹni tí ó máa ka àwòrán náà dáadáa. Ìdílé tó bá ta ilẹ̀ nítorí MRI ẹ̀ẹ̀kan, tí owó síkáànì oṣù mẹ́fà tó ń bọ̀ ò sì sí mọ́, kò tíì ṣọ́ ẹ̀dọ̀ kankan.

Oògùn kò gbọ́dọ̀ kẹ́yìn

Kí a tó sọ ta ni kó yan èwo, mo fẹ́ kí èyí yé wa yékéyéké. Àyẹ̀wò ń wá jẹjẹrẹ, kì í dí i lọ́wọ́. Ohun tó ń dín in kù ni kí wọ́n tẹ kòkòrò náà lórí ba. Ní 2004, ìwádìí kan ní Éṣíà lórí aláìsàn 651 tí hẹpatáítísì B ti mú ẹ̀dọ̀ wọn le fi hàn pé àwọn tó ń lo oògùn lamivudine ní jẹjẹrẹ ní nǹkan bí ìdajì iye àwọn tí kò lò ó. Tenofovir tí wọ́n ń lò nísinsìnyí lágbára jù ú lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní kòkòrò náà ló nílò rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló yẹ kí dókítà wò bóyá wọ́n nílò rẹ̀. Bí owó bá kù díẹ̀ káàtó tí ẹ ní láti yan láàárín oògùn tí dókítà kọ fún yín àti síkáànì, ẹ ra oògùn. Ẹ má sì tìtorí pé ẹ ń lo oògùn fi síkáànì sílẹ̀ nígbà tí owó bá dé, torí ewu náà dín kù ni, kò tán. Ẹni tó ní káàdì ìlera NHIA tàbí ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kó béèrè níbi tó forúkọ sílẹ̀ ohun tí káàdì náà gbà nínú gbogbo èyí kó tó fọwọ́ bọ àpò.

Ta ni kó yan èwo?

Ẹni tó ní hẹpatáítísì B, tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì le, tó ti wọ ọjọ́ orí tí mo sọ tàbí tí ẹbí rẹ̀ ti ní i rí: síkáànì pẹ̀lú AFP ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, kó jẹ́ ibì kan náà, bó bá sì ṣeé ṣe, ọwọ́ kan náà. Bí owó méjèèjì kò bá sí, síkáànì ni kó mú, níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe. Kó kọ ọjọ́ tó kàn sẹ́yìn ìwé èsì lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le, tó ṣì ń jẹun, tó ń rìn, tí ikùn rẹ̀ kò kún: méjèèjì ni kó ṣe láìyẹ̀ ọjọ́. Àwọn wọ̀nyí ni ewu wọn pọ̀ jù. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀ pé, “Bí ẹ bá rí kókó kékeré, kí lẹ lè ṣe fún mi níbí, kí sì ni mo máa ní láti lọ síbòmíràn fún?” Pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ kò wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà ìdáhùn náà lè jẹ́ iṣẹ́ abẹ tàbí jíjó kókó náà, tó bá jẹ́ ẹyọ kan tó kéré. Kí ẹni náà mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó sanra tí síkáànì rẹ̀ ń jáde ní C léraléra: kó bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa MRI bí agbára rẹ̀ bá gbé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, CT lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó má fi AFP sílẹ̀ láàárín wọn.

Aboyún tó ní hẹpatáítísì B: síkáànì nìkan. Kí AFP dúró dìgbà tó bá bímọ tán. Ohun tó kàn jù fún un ni pé kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ hẹpatáítísì B láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún tí wọ́n bá bí i.

Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti dàrú, tí omi ń padà síkùn lẹ́yìn gbogbo ìtọ́jú, tí orí rẹ̀ ń dàrú, tí kò sì sí ọ̀nà àtipààrọ̀ ẹ̀dọ̀: kí wọ́n má fi síkáànì jẹjẹrẹ dà á láàmú. Àwọn ìlànà náà kò ní kí wọ́n ṣe é fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí owó náà lọ sí oògùn omi, sí dídá ẹ̀jẹ̀ dúró, sí oúnjẹ tó bá a mu, kí ara lè tù ú.

Àwọn tí ẹ̀ ń bá gbé ilé, aya, ọkọ, ọmọ, àbúrò: síkáànì kọ́ ni tiwọn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ hẹpatáítísì B ni, ó sì rọrùn jù lọ nínú gbogbo èyí. Ẹni tí kò bá ní kòkòrò náà, tí kò sì ní ààbò, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni: ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà. Ẹni tí èsì rẹ̀ bá fi hàn pé ó ní i, kó padà sókè ibi tí mo ti sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, kó bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.